Ẹyin Donna àti Owó Àṣẹ Ọtí

Àtìgbà tí ọkọ Arlys Novotny ti kú ló ti ń dá ta ọtí ní Pembrook, abúlé kékeré kan ní Wisconsin, ní Amẹ́ríkà. Bí ìgbìmọ̀ abúlé bá fi lè sọ owó àṣẹ tí àwọn ọlọ́tí ń san lọ́dọọdún di ìlọ́po márùn-ún ní ìpàdé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a jẹ́ pé ó kógbá wọlé nìyẹn.

Harlan Tesch, ààrẹ ìgbìmọ̀, ní ọkọ̀ panápaná kò fa omi mọ́. "Àwọn ọlọ́tí ni kó tún un ṣe. Ọtí ló ń mú kí koríko èèyàn jóná."

"Harlan, sìgá tìẹ ló jó koríko rẹ!" Arlys fèsì láti ẹ̀yìn. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́yà abúlé dìde. "Ọmọ ìgbìmọ̀ tí owó ilé ọtí bá ń wọ àpò rẹ̀ tàbí ti ẹbí rẹ̀ kò gbọdọ̀ dìbò. Kó bọ́ síta."

Duane jáde, àbúrò rẹ̀ ń ta ọtí. Shirley jáde, òun ló ń ta ẹja tí àwọn ilé ọtí ń dín ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Nínú èèyàn márùn-ún, ó ku Harlan, Marv àti Elmer arúgbó. Bí wọn ò bá pé mẹ́ta, kò sí ìdìbò.

Arlys rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. "Marv, ta ló ń rẹ ẹyin sísè sínú ọtí kíkan, èyí tí mò ń tà nínú ìgò lórí káńtà mi?"

Marv yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Donna ni."

"Ṣé ọ̀fẹ́ ló ń fún mi ni?"

"O ń sanwó."

"Ó yá, ọ̀rẹ́ mi, síta."

Ó ku méjì. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, Harlan gbá tábìlì. Àfi bí lọ́yà ṣe wúkọ́.

"Mà, àṣẹ tiyín náà ń parí lópin oṣù yìí. Ìdìbò ni wọ́n fi ń sọ ọ́ dọ̀tun."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Arlys. Ilẹ̀kùn tó tì mọ́ Harlan, ó ti tì í mọ́ ara rẹ̀ náà.

"O ti wá dákẹ́?" ni Harlan wí.

"Mo ń ronú ni. Ìwọ náà gbìyànjú ẹ̀ wò." Ó kọjú sí Donna. "Donna, n ò ra ẹyin rẹ mọ́."

"Ẹyin mi? Kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ó dùn gan-an."

"Arlys, o burú!"

"Títí di ọdún tó ń bọ̀, n ò rà, owó mi ò wọ àpò yín mọ́ nìyẹn. Pe ọkọ rẹ wọlé."

Marv wọlé. Harlan ò jẹ́ kó jókòó dáadáa. "Ọ̀rọ̀ owó ló kàn. Ìlọ́po márùn-ún!" Ó nawọ́ sókè.

"Marv!" Donna kígbe. "Tí wọ́n bá lé Arlys kúrò, ta ló máa ra ẹyin mi lọ́dún tó ń bọ̀?"

Lọ́yà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Marv ní òun ò fara mọ́ ọn. Gbogbo ojú wá yí sọ́dọ̀ Elmer.

"Arlys," ni arúgbó náà wí, "tí o bá kógbá wọlé, níbo la ti máa jẹ ẹja lọ́jọ́ Jímọ̀?"

"Nílé Harlan, bàbá."

Elmer ti jẹun nílé Harlan rí. Kíá ló dìbò tako owó náà.

Nígbà tí wọ́n wá béèrè ẹni tó fẹ́ kí àṣẹ Arlys dọ̀tun, ọwọ́ mẹ́ta ló lọ sókè.

"Kí lẹ̀ ń wò?" Harlan bi wọ́n. "Ṣé èmi kì í jẹ ẹja ni?"