Ìyanṣẹ́lódì tí Kò Ṣẹlẹ̀

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá mo máa ń purọ́. Mẹkáníìkì ni mí, ní abúlé mẹkáníìkì ní Apo, ọdún kẹtàlélógún rèé. Bí kọsítọ́mà bá pè mí pé mọ́tò òun ńkọ́, "Ó ku díẹ̀" ni mo máa ń dá a lóhùn, ẹ́ńjìnì rẹ̀ ì báà wà nílẹ̀ káàkiri bí ẹ̀gúsí tí wọ́n sá sóòrùn. Iṣẹ́ ló kọ́ wa. Ẹni tó bá sọ òótọ́ fún kọsítọ́mà, kọsítọ́mà á wá jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀bù, á máa bi í ní ìbéèrè.

Ní Sátidé kan, Alhaji Usamah, kọsítọ́mà mi, ló pè mí. Ará Ìlọrin ni, àmọ́ ó ti pẹ́ ní Àbújá débi pé Háúsá ló fi ń kí gbogbo èèyàn. "Sànnu, Bùsàrí. Mọ́tò mi ńkọ́?" Mo ní, "Ó ku díẹ̀, Alhaji." Mi ò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀.

Latifah ọmọ mi jókòó sórí táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ yìí ti gboyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ẹ̀yà ara, dókítà ló fẹ́ dà. Kì í ṣe òní. Láti ọmọ ọdún mẹ́fà ló ti ń fi róbà tí mo fi ń fa bẹntiróòlù gbọ́ àyà ewúrẹ́ ará ilé kejì. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan ní Jahi ló ń kọ fọ́ọ̀mù wọn báyìí, èmi bàbá rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ó gbé kọ̀ǹpútà lé orúnkún, ó ń kà á sókè fún mi. Orúkọ, ọjọ́ ìbí, ìlú. Ó dé ìlà kan, ó yí ojú kọ̀ǹpútà kúrò lọ́dọ̀ mi.

"Kí ló dé?"

"Bàbá mi, wọ́n ní ṣé ilé ìwé kankan ti fìyà jẹ mí rí nítorí màgòmágó."

"Kọ 'rárá' síbẹ̀ jàre! Ọmọ Bùsàrí kẹ̀!"

Kò kọ nǹkan kan. Omijé ló ń kán sórí kọ̀ǹpútà. "Ẹ má bínú, Bàbá mi. Wọ́n ti fìyà jẹ mí. Ọdún kejì mi ni. Mo da iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ọ̀rẹ́ mi kọ látòkè délẹ̀, mo fi orúkọ ara mi sí i. Wọ́n ní kí n lọ sílé fún sáà kan."

"Sáà wo? Ìgbà wo lo wá sílé fún sáà kan?"

"Ìgbà tí mo ní àwọn olùkọ́ wa yanṣẹ́ lódì."

Yéè! Sùpánà bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, bí ọmọ bá gbé àpótí délé tó ní wọ́n ti yanṣẹ́ lódì, ta ló máa béèrè ẹ̀rí? Ìyanṣẹ́lódì olùkọ́ yunifásítì lórílẹ̀-èdè yìí dà bí ọyẹ́, ó ń bọ̀, ó ń lọ, a kàn máa ń wá nǹkan fi bora ni. Oṣù márùn-ún gbáko ni mo fi bú àwọn olùkọ́ yẹn. Mo bú wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Mo pe ètò orí rédíò, mo bú wọn níbẹ̀ títí wọ́n fi gé fóònù mi. Ní àsàlátù wa ní Sọ́ńdè, mo dìde, mo ní kí gbogbo ìjọ bá mi bẹ Ọlọ́run kó rọ ọkàn ìkà wọn. Áfà Àbdùlsàmàd ṣàdúà títí ohùn ẹ̀ fi há. Bẹ́ẹ̀ àwọn olùkọ́ ọlọ́lá wọ̀nyẹn wà nínú kíláàsì, wọ́n ń ṣiṣẹ́ wọn jẹ́jẹ́.

Inú bí mi, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Mo pariwo: "Latifah! O fi mí ṣẹ̀sín níwájú Ọlọ́run!" Ó kúnlẹ̀ sínú ọ́ìlì dúdú tòun ti aṣọ funfun tó wọ̀. Ìgbà tí mo rí aṣọ yẹn, ara mi rọ̀. Mo fà á dìde.

"Ó ti tó. Ọ̀rọ̀ tó ti pẹ́ ni. Kọ 'rárá'. Ta ló máa mọ̀?"

Ó nu ojú. "Bàbá mi, tí wọ́n bá gbé mọ́tò tòkúńbọ̀ wá kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó rà á, kí lẹ máa ń kọ́kọ́ béèrè?"

Mo mọ ibi tó ń lọ, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ohun tí mo máa ń béèrè ni pé ṣé ó ti ní ìjàǹbá rí. Èyí tó ti forí gbá, tí ẹni tó ni ín sì sọ, mo lè wọ abẹ́ ẹ̀, kí n wo ibi tó tẹ̀, kí n sọ bóyá ó ṣì máa rìn. Èyí tí wọ́n fi ọ̀dà bò mọ́lẹ̀, mo máa ń ní kí wọ́n sá fún un. Gbogbo Apo ló mọ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ mi.

"Èmi ni mọ́tò yẹn," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, kí wọ́n yẹ̀ mí wò."

Ó kọ ọ́, mo fọwọ́ sí i. Nígbà tí a délé, Wàsílátù ìyàwó mi kò tiẹ̀ pariwo. Ó ní, "Mo ti fura nígbà náà. Ọmọ tí ìyanṣẹ́lódì gbé wálé kì í sunkún ní balùwẹ̀. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a."

Wọ́n pè wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Latifah kọ́kọ́ wọlé, ó pẹ́ níbẹ̀. Bó ṣe jáde, èmi ni wọ́n pè. Àwọn mẹ́ta ló jókòó, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèbísí, obìnrin ará Kàbbà kan, sì ni olórí wọn.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ ìjìyà ọmọ yín yìí, ìgbà wo lẹ gbọ́ nípa ẹ̀?"

Háà. Bí mo bá ní láti ọjọ́ kìn-ín-ní, ọmọ mi á dà bí ẹni tó jẹ́wọ́ fún bàbá rẹ̀. Bí mo bá ní oṣù tó kọjá, wọ́n á ní ṣé ó purọ́ nílé náà ni, ẹ̀ṣẹ̀ á di méjì, dókítà á bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Irọ́ ti dé ètè mi, ó múná bí "ó ku díẹ̀". Aṣọ funfun inú ọ́ìlì ni mo rántí.

"Mà, oṣù tó kọjá ni. Ìyanṣẹ́lódì ló ní ó gbé òun wálé." Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀, mi ò lè dúró mọ́. Mo sọ ti rédíò, mo sọ ti àsàlátù, mo sọ ti Áfà tí ohùn ẹ̀ há. Ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ bo ẹnu. Màmá yẹn bọ́ awò ojú ẹ̀, ó ń nu omijé ẹ̀rín.

"Olùkọ́ lèmi náà o, Bàbá. Ṣé àdúà yẹn ò kàn mí báyìí?" Ó wá gbé awò ojú padà. "Ohun tí ọmọ yín sọ fún wa gan-an nìyẹn, títí kan rédíò. Ká ní nǹkan mìíràn lẹ sọ, a ò ní mọ ẹni tí a máa gbà gbọ́."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo jáde.

Latifah ń dúró níta. "Kí lẹ sọ fún wọn?"

"Mo ní òpùrọ́ ni ẹ́." Ó wo ojú mi, àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, máígáàdì wọn sì yọjú wò wá.

Ní Sọ́ńdè, mo dìde ní àsàlátù, mo jẹ́wọ́ pé àwọn olùkọ́ tí a torí wọn ṣàdúà ọjọ́sí kò yanṣẹ́ lódì, wọn ò sì ṣẹ̀ wá. Áfà ní kò burú, kí àwọn olùkọ́ náà fi àdúà yẹn ṣe èrè.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ariwo ni mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. "Wọ́n ti gbà mí! Bàbá mi, wọ́n gbà mí!" Ó ní ní ọdún àkọ́kọ́, gbogbo iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò òun lòun máa ṣàlàyé lẹ́nu níwájú olùkọ́, kí wọ́n lè mọ̀ pé òun lòun ṣe é. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo gbé e sókè tòun ti ọ́ìlì ọwọ́ mi, inú mi dùn débi pé mo ń sunkún.

Fóònù dún. Alhaji Usamah ni. "Sànnu, Bùsàrí. Mọ́tò mi ńkọ́?"

"Ó k..." Latifah ń wò mí. "Alhaji, mi ò tíì fọwọ́ kàn án."

"Kai! Bùsàrí, ṣé ara yá báyìí?"

"Ara yá, Alhaji. Ọmọ mi ń lọ di dókítà."