Ohun Tí Káfíńtà Mi Orí Sí

4

…ló bá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Màámi rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ ni Káfíńtà ọmọ rẹ̀ fi mọ̀, nítorí ìbòmú aláwọ̀ ewé ti gba ìyókù. Nọ́ọ̀sì yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó nàka sí aago ara ògiri. Àkókò àbẹ̀wò ti tán. Káfíńtà fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ lórí aṣọ ìbora, ó sì jáde.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, Màámi ti dákẹ́.

1

(lára ilẹ̀kùn yàrá àwọn aláìsàn)

ALÁÌSÀN ÀTI ÀLEJÒ: Ẹ LO ÌBÒMÚ.
ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ ṢÍ I.
KÒ SÍ ÀWÍJÀRE.

2

Ibà kan ló sọ Káfíńtà di adití ní kékeré. Kò yadi; Màámi kò gbà. Yóò jókòó, yóò kọjú sí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sí i lẹ́nu, yóò gbé àtẹ́lẹwọ́ ọmọ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, yóò wá máa pe ọ̀rọ̀ kan náà títí ọmọ yóò fi pè é padà. Ẹnu Màámi ni ìwé àkọ́kọ́ tó kà. Màámi fúnra rẹ̀ kò mọ̀wé, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi lè kọ nǹkan sílẹ̀ fún ara wọn.

2, lẹ́ẹ̀kan sí i

Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní ti Káfíńtà, ètè ni.

3

Àṣà kan wà lára rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ẹnì kan kò bá yé e, á mi orí. Oníbàárà tí irùngbọ̀n bo ètè rẹ̀: á mi orí. Ẹni tó ń jẹun tó tún ń sọ̀rọ̀: á mi orí. Ó ti sú u láti máa ní "ẹ tún un sọ" kí àwọn èèyàn sì máa pòṣé. Orí mímì kì í dá ìjà sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kó o sí wàhálà, ìgbà tó kan kọ́bọ́ọ̀dù fún ẹni tó fẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Òfin ìbòmú dé, gbogbo ìlú di onírùngbọ̀n. Káfíńtà wá ń mi orí kiri bí alángbá.

5

(Nọ́ọ̀sì ń kọ tirẹ̀ sẹ́yìn páálí oògùn.)

KÁFÍŃTÀ: Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni Màámi sọ fún mi?
NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹnu ọ̀nà ni mo wà, bọ̀dá. Mi ò gbọ́.
KÁFÍŃTÀ: Wọ́n fẹ́ fa ìbòmú yẹn wálẹ̀. Ẹ̀yin lẹ dá a padà kí ẹ tó lọ sẹ́nu ọ̀nà.
NỌ́Ọ̀SÌ: Òfin ni.
KÁFÍŃTÀ: Mo mọ̀.
NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ bi ìyá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì. Màá bá yín kọ ọ́.

6

(Ọ̀rọ̀ ìyá bẹ́ẹ̀dì kejì, ọwọ́ nọ́ọ̀sì ló kọ ọ́.)

"Ó bá ọ sọ̀rọ̀ pẹ́. Ìparí nìkan ni mo gbọ́: 'Ṣé wàá bá mi ṣe é?' O sì mi orí. Ara tù ú gan-an, ọmọ mi. Ó sùn dáadáa."

7

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ni Màámi bá ẹ sọ?
KÁFÍŃTÀ: Wọ́n ní kí n bá àwọn ṣe nǹkan kan.
Ẹ̀GBỌ́N: Kí ni nǹkan ọ̀hún?
KÁFÍŃTÀ: Ìbòmú wà lẹ́nu wọn.
Ẹ̀GBỌ́N: Àbúrò. O tún mi orí, àbí?

8

Ohun tó ṣeé ṣe kó jẹ́:

kó tún àga Màámi tó ń mì ṣe (ó ti tún un ṣe)
kó kan pósí rẹ̀ fúnra rẹ̀ (ó kàn án, inú rẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí)
kó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ parí ìjà tí wọ́n ti ń jà tipẹ́ (ó lọ, wọ́n sunkún, wọ́n jẹun)
kó fẹ́ ìyàwó (èyí le)
kó jáwọ́ nínú orí mímì

9

Létí sàréè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ láti inú ìbòmú. Ọrùn Káfíńtà ti fẹ́ tẹ̀ láti mi orí. Ó dá a dúró.

"Mi ò gbọ́," ó ní. "Ẹ tún un sọ."

10

Ó so ìbòmú mọ́ etí níwájú dígí. Ó rántí bí aṣọ ìbòmú Màámi ṣe rìn nígbà tó ń bá a sọ̀rọ̀: ó wọnú, ó wú, ó dúró pẹ́, ó wá ń wú wéréwéré.

Ó ní, "Kan pósí mi." Aṣọ náà kò rìn bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ." Ó fẹ́ jọ ọ́.

Ó ní, "Má mi orí mọ́." Òun náà fẹ́ jọ ọ́.

Ó gbé dígí lọ síbi fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sí i lẹ́nu. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.