Aṣọ Orí Dikódà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi: lọ́dún 2014, kò sí nǹkan tó bí mi nínú tó dikódà HD tí ọkọ mi gbé wọlé. Àwọn tó ta ẹ̀wà oníkòkòrò fún mi, tí mi ò mọ̀ títí mo fi gbé e dé ìsọ̀ mi lọ́jà Santana ní Benin, mo ti dárí jì wọ́n. Awakọ̀ tó ta ẹrẹ̀ sí mi láṣọ ní Airport Road láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, mo ti dárí jì í. Dikódà yẹn ni mo ń bá jà tí mo fi ń sùn, tí mo fi ń jí.

Ọjọ́ tí ọkọ mi, Jayéọlá, gbé e dé ilé wa ní Uwasota, mo bi í pé kí ló ṣe èyí tí a ní tẹ́lẹ̀. Ó ní ìròyìn kì í mọ́lẹ̀ dáadáa lórí ẹ̀.

Mo ní, "Ìròyìn? Kí lẹ fẹ́ rí lójú ẹni tó ń ka ìròyìn tí ẹ ò tíì rí?"

Mo kúkú mọ ohun tó ń wá. Orí dikódà HD nìkan la ti lè rí ìkànnì tí wọ́n máa fi ìdíje eré sísá òkè òkun hàn, ìdíje tí Ìyìnolúwa ọmọ wa fẹ́ lọ sá. Ọkọ mi náà mọ̀ pé mo mọ̀, ó kàn ń ṣe ojú lásán.

Ọ̀rọ̀ òun àti ọmọ yẹn ti bàjẹ́ tipẹ́. Òfin ni Ìyìn ń kà ní yunifásítì. Ó wà lọ́dún kejì nígbà tó ṣàdédé wọlé pé àwọn òyìnbó kan fẹ́ gba òun lọ́fẹ̀ẹ́ sílé ìwé wọn nítorí eré tí òun ń sá. Ọkọ mi wá jẹ́ akọ̀wé kóòtù títí tó fi fẹ̀yìn tì. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi ń gbé fáìlì fún lọ́yà, ó sì ti ń fojú inú rí ọmọ rẹ̀ nínú gáùn dúdú. Ó ní, "Ẹsẹ̀ lo fẹ́ máa fi jẹun?" Ọmọ tiwa náà ò sì lè pa ẹnu mọ́. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa o, àmọ́ bí àwọn ọmọ tí a bí sí Benin ṣe ń ṣe, Pidgin ló fi dáhùn: "Daddy, na my leg." Háà! Ọkọ mi ní láti ọjọ́ náà lọ, òun ò ní ọmọ tó ń sáré. Ìyìn lọ, wọn ò sì bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Tó bá pè, èmi ló ń pè. Bàbá rẹ̀ á kàn dìde, á lọ sí ẹ̀yìnkùlé bí ẹni tó gbàgbé nǹkan síbẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ó yí orúkọ mi padà. Láti ọjọ́ tí a ti sọ ọmọ yẹn lórúkọ, Ìyá Ìyìn ló ń pè mí. Lẹ́yìn ìjà wọn, mo di Morọ́láyọ̀. "Morọ́láyọ̀, omi ìwẹ̀ dà?" Bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ mi sọ́nà! Èmi náà bá taku. Bàbá Ìyìn ni mò ń pè é láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, mo sì ń lọgun rẹ̀ kí ilé kejì lè gbọ́. Kò sí nǹkan mìíràn tí mò ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run ju pé kí ọkùnrin yìí fojú ara rẹ̀ rí ọmọ rẹ̀ níbi tó ti ń sáré. Tó bá rí i, á bá a sọ̀rọ̀. Mo mọ ọkọ mi.

Ọkọ mi yìí ní ìwà kan. Kì í bọ́ ọ̀rá lára nǹkan tuntun. Fíríìjì wa gbó sínú ọ̀rá ni. Rìmóòtù wà nínú ọ̀rá, àga pálọ̀ wà nínú ọ̀rá, tí o bá jókòó sórí rẹ̀ nígbà ooru, á fa ọ́ ní itan tó o bá fẹ́ dìde. Nítorí náà, nígbà tó gbé dikódà jáde nínú páálí, tó sì fi ọ̀rá rẹ̀ sílẹ̀ lára rẹ̀, kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó tẹ̀ lé e ló yà mí lẹ́nu. Ó wọ yàrá lọ, ó ṣí àpótí rẹ̀, ó mú aṣọ kékeré kan jáde, funfun òun búlúù.

Ojú ẹsẹ̀ ni mo dá a mọ̀. Ìyìn ló fi òwú hun ún nílé ìwé girama. Ó hun ún ki débi pé kò ní ojú kankan, ó nípọn bí súwẹ́tà, tíṣà rẹ̀ sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé òtútù ń mú tábìlì ni. Mo rò pé aṣọ yẹn ti sọnù. Ọkọ mi tẹ́ ẹ sórí dikódà, ó fa igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wálẹ̀ títí tó fi bò ó délẹ̀, ojú iná kékeré iwájú rẹ̀ nìkan ló yọ. Ó ní, "Eruku." Mo sáré wọ kíṣìnnì kó má baà rí ẹ̀rín lẹ́nu mi.

Ẹ̀rín yẹn ò pẹ́. Àwòrán HD yẹn dára o, mi ò ní purọ́. Ó mọ́ kedere, o lè ka irun àgbọ̀n ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Àmọ́ tó bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, ojú èèyàn á ṣàdédé fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí àwo tó já bọ́, ohùn á máa há, gbogbo rẹ̀ á sì ṣókùnkùn. O máa pa á, o máa tàn án, á máa wá nǹkan tó ń wá lójú ọ̀run, á tún ṣe dáadáa fúngbà díẹ̀, á tún kú.

Mo pe iléeṣẹ́ tó ni dikódà náà. Orin ni wọ́n kọ́kọ́ fi dá mi lóhùn. Mo gbọ́ orin títí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jó. Nígbà tí ọmọbìnrin kan sọ̀rọ̀, ó ní kí n yọ káàdì inú dikódà, kí n fi sí i padà. Mo yọ ọ́, mo fi í sí i. Ọjọ́ kejì, ẹlòmíràn tún ní kí n yọ káàdì. Mo ní, "Ọmọ mi, káàdì yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ọ̀nà jáde fúnra rẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má bínú, ó tún fi orin sí i.

Èyímofẹ́, ọkùnrin Warri tó so díìṣì fún wa, tún wá. Bó ṣe ń wọlé, ọkọ mi sáré ká aṣọ kúrò lórí dikódà, ó tẹ̀ ẹ́ sápò, torí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Èyímofẹ́ jókòó, ó ń wò ó, ó ń wò ó. Tẹlifíṣọ̀n ń ṣiṣẹ́ geere. Ó ní, "Mummy, e dey work na." Ó mu kóòkì, ó lọ. Ọkọ mi dá aṣọ padà síbi tó wà, kò pẹ́ tí dikódà tún kú. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nígbà tó tún padà wá. Mo wá dà bí òpùrọ́ lójú ọmọkùnrin yẹn.

Ọkọ mi ní igi ni. Ẹ̀ka igi ube, èso tí wọ́n fi ń jẹ àgbàdo, nílé Màmá Osaretin aládùúgbò wa ló ní ó ń dí ojú díìṣì. Màmá Osaretin jẹ́ ará Benin gidi, èèyàn dáadáa, àmọ́ kò kó ube rẹ̀ ṣeré. Mo bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gé ẹ̀ka náà. Ó ní, "If the tin no work after this one, na you go born another ube for me." Kò ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti rí mi, á wo igi rẹ̀, á wò mí, á mí kanlẹ̀.

Ọjọ́ ìdíje wá pé. Èmi ò lọ sọ́jà. Àárọ̀ ni wọ́n máa sá èyí tí wọ́n fi ń yan àwọn tó máa sá àṣekágbá nírọ̀lẹ́. Ọkọ mi ní òun ò wo nǹkan kan, àmọ́ ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ó ní omi lòun fẹ́ mu. Kò sí kọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n tò wọ́n sórí ilà. Mo rí ẹ̀yìn ọmọ mi, mo rí Adéyẹmí, orúkọ wa, lára aṣọ rẹ̀. Mo ní, "Bàbá Ìyìn, ẹ wá wò ó!" Ó gbé ẹsẹ̀ kan sínú pálọ̀. Ojú ọmọ fọ́ sí wẹ́wẹ́. Òkùnkùn.

Mo pariwo. Mo bú ẹni tó ṣe dikódà, mo bú ẹni tó gbé e wọ Nàìjíríà. Nígbà tó máa fi jí padà, àwọn bàbá òyìnbó kan ló ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, eré ti parí. Fóònù ni Ìyìn fi sọ fún mi pé òun wọ àṣekágbá. Ọkọ mi gbọ́. Ó ní, "Ìròyìn lèmi fẹ́ wò tẹ́lẹ̀," ó sì wọ yàrá lọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì tún bí mi sí i. Mo ní lọ́kàn mi pé tí àṣekágbá náà bá tún kọjá lọ báyìí, ọkùnrin yìí ò tún ní gbé ẹsẹ̀ yẹn mọ́.

Nírọ̀lẹ́, Màmá Osaretin wá bá mi jókòó. Ọkọ mi tún ń mu omi lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ń dárúkọ àwọn tó fẹ́ sáré níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ò tíì dé ọ̀dọ̀ Ìyìn tí àwòrán tún bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ara mi ò gbà á mọ́. Mo dìde, mo gbá dikódà lórí gbàmù!

"Yéè!" Mo fa ọwọ́ mi padà. Ó gbóná bí ìdí ìkòkò. Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ náà, ọ̀rá ti rọ̀, ó ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ojú mi là.

Mo ní, "Bàbá Ìyìn, aṣọ yìí ló ń pa á. Ooru ló ń pa á!"

"Má fọwọ́ kan aṣọ yẹn, Morọ́láyọ̀."

"Tí Èyímofẹ́ bá dé, ṣebí ẹ máa ń ká a sápò? Ṣebí ìgbà yẹn nìkan ló ń ṣiṣẹ́?"

Mo yí ohùn mi padà, torí mo rí bó ṣe ń wo aṣọ náà.

Mo ní, "Ẹ gbọ́ mi. Ẹ fẹ́ràn ọmọ yìí, mo mọ̀. Ẹni tó hun aṣọ yẹn nìyẹn nínú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ ti fi aṣọ rẹ̀ bò ó lójú. Èwo lẹ fẹ́ wò, aṣọ ni àbí ọmọ?"

Ọkùnrin náà kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó ká aṣọ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fi há abíyá. Lẹ́yìn náà ni mo rí ohun tí mi ò rí rí látìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ: Jayéọlá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ọ̀rá kúrò lára nǹkan, fàràrà! Ó gbé fáànù kan ṣoṣo tí a ní, ó kọjú rẹ̀ sí dikódà. Àwa ń làágùn, dikódà ń gba atẹ́gùn. Màmá Osaretin mú páálí, òun náà ń fẹ́ ẹ. Ó ní, "So na cloth I cut my ube for?" Mo ní kó jọ̀ọ́, ká kọ́kọ́ ríran ná.

Mo pa dikódà, mo tún tàn án, ó ń wá nǹkan tó ń wá lójú ọ̀run, ó ń fà bí ìgbín. Mo ti ń gbàdúrà sókè. Nígbà tí àwòrán fi máa yọ, mo rò pé wọ́n ti sá a tán. Àṣé ẹnì kan ti sáré kí ìbọn tó dún, wọ́n ti lé e jáde, wọ́n sì ń tún àwọn yòókù tò. Kámẹ́rà ń kọjá níwájú wọn díẹ̀díẹ̀, ó dé ọ̀dọ̀ Ìyìn, ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀.

Ọkọ mi kúnlẹ̀ síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ó ní, "Àpá orúnkún rẹ̀."

Lóòótọ́, ó hàn kedere. Nígbà tó wà ní kékeré, tó bá ti gbọ́ ìró mọ́tò bàbá rẹ̀, á sáré lọ pàdé rẹ̀ ní géètì. Ọjọ́ kan ló ṣubú lórí òkúta, bàbá rẹ̀ ló gbé e lọ sílé ìwòsàn tí wọ́n ti rán ojú ọgbẹ́ náà. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré nìyẹn, tí ẹ bá bi mí.

Ìbọn dún. Ọkùnrin tí kò ní ọmọ tó ń sáré ló fò dìde, tó ń fi aṣọ òwú ju ọwọ́, tó ń ké, "Ìyìn! Ìyìn o! Gbé ẹsẹ̀ yẹn! Gbé e!" Ilé mì. Dikódà ò há, kò fọ́, kò kú. A wò ó dópin. Ipò kẹrin ni Ìyìn ṣe. Wọn ò fún un ní nǹkan kan, àmọ́ tẹ́ ẹ bá wà ní pálọ̀ wa, ẹ ó rò pé a ti gba wúrà. Màmá Osaretin ń jó. Ọkọ mi fi aṣọ náà nu òógùn, ó tún fi nu ojú, ó sì pẹ́ kó tó gbé e kúrò lójú.

Nígbà tó gbé e kúrò, ó ní, "Ìyá Ìyìn."

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kó lè tún un pè.

"Ìyá Ìyìn, bá mi pe ọmọ yẹn."

Mo ní, "Ọmọ wo?"

"Ọmọ mi tó ń sáré."

Mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ kí Ìyìn tó gbé fóònù, ó ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo na fóònù sí bàbá rẹ̀. Ó gbà á, ó wúkọ́. Mo gbọ́ ohùn Ìyìn láti ibi tí mo dúró sí: "Mummy? Who be that?"

Ọkọ mi ní, "Èmi ni." Ó wá ní, "Ṣé wọ́n ní omi gbígbóná níbẹ̀? Lọ fi jó ẹsẹ̀ yẹn kó o tó sùn."

Ìyìn bú sẹ́kún. Yorùbá ló fi dá bàbá rẹ̀ lóhùn. Ó ní, "Ẹ ṣé, Dádì. Ẹ ṣé, sà."