Ẹni Tó Ń Bá Mi Wo Ìta

Ojú-Àwòdì ni gbogbo wa ń pè é nílé ẹ̀kọ́ bàálù, nítorí ojú rẹ̀ mú débi pé ó lè rí kòkòrò tó ń yán lórí òrùlé ìlú kejì. Òun ni mo fi ṣe àbúrò. Òun náà ni mo fi ẹ̀mí mi lé lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ìwé ẹ̀rí tí à ń wá ni èyí tí èèyàn gbọ́dọ̀ ní kó tó lè wa bàálù wọnú ìkùukùu, níbi tí o ò ti ní rí imú ara rẹ. Ogójì wákàtí la fi ń kọ́ ọ. Wọ́n á dé fìlà ike kan sí ọ lórí, iwájú rẹ̀ gùn bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ, o ò ní rí ìta mọ́, àfi mítà iwájú rẹ nìkan. Etí rẹ á máa sọ fún ọ pé bàálù ń yí. Irọ́ ló ń pa. Mítà ni kó o gbà gbọ́. Ẹni tó jókòó tì ọ́ ló máa bá ọ wo ìta, kí bàálù mìíràn má baà wá kọ lu tiyín.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, èmi aláwàdà, mo fi ìṣó lu fìlà mi ní ihò. Ihò náà ò tó ihò imú èèrà. Mo kàn fẹ́ máa rí bí ọ̀gá wa obìnrin ṣe ń fajú ro tó bá ń bú mi ni. Ojú-Àwòdì nìkan ni mo sọ fún, a sì rẹ́rìn-ín títí ògiri fi sán. Láti ìgbà náà, mi ò gba ibẹ̀ wo nǹkan kan mọ́.

Ó wá ku wákàtí kan péré kí ogójì mi pé. Ọjọ́ Ajé ni ìdánwò, iṣẹ́ bàálù akẹ́rù sì ti ń dúró dè mí. Èmi àti Ojú-Àwòdì gbéra, òun ló ń bá mi wo ìta. Bí mo bá bi àbúrò mi pé ṣé ìta mọ́, "Hùn-ún" ló ń dáhùn. Nígbà tí hùn-ún náà di mẹ́wàá, ara fu mí. Mo gba ihò yọjú. Bọ́ọ̀lù ló ń wò lórí fóònù. Bàálù kan tó tóbi tó ṣọ́ọ̀ṣì sì ń bọ̀ níwájú wa gan-an.

Mo ṣí fìlà dànù, mo yí sọ́tùn-ún. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara nù wá kọjá báyìí, díẹ̀ ló kù kí n ka irùngbọ̀n ẹni tó ń wà á.

Àbúrò mi ki fóònù bọ àpò. Ó ní bí ọ̀gá bá gbọ́ ti fóònù, wọ́n á lé òun, ìyàwó òun sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé orí irọ́ ni wọ́n bí mi sí.

Ẹni tó ń wa bàálù kejì yẹn ti fẹjọ́ sùn kí a tó balẹ̀. Ọ̀gá pè wá sí ọ́fíìsì, ó béèrè ẹni tó kọ́kọ́ rí bàálù náà.

"Òun ni, mà." Mo nawọ́ sí Ojú-Àwòdì. "Ọpẹ́lọpẹ́ ojú rẹ̀, ìgbálẹ̀ ni ẹ ò bá fi gbá wa jọ."

Ọ̀gá wá bi í pé kí ló dé tí kò tètè sọ̀rọ̀. Mo rò pé á wá irọ́ kékeré kan pa. Ó tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe.

"Mo rò pé ẹ̀gbọ́n ti rí i ni, mà. Wọ́n lu fìlà wọn ní ihò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń yọjú."

Ẹni tí mo ní kó fẹ́ mi lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ọ̀gá gbé fìlà mi sókè sí fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ gba ihò náà, ó bà lé e lẹ́rẹ̀kẹ́ bí eṣinṣin. Mo lanu láti sọ ti fóònù, ọ̀gá já a gbà lẹ́nu mi.

"Ṣé ìwọ kọ́ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé òun ló rí i?"

Ó fi bírò pupa fa ìlà sórí gbogbo wákàtí mi, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ó yin Ojú-Àwòdì.

Ojú-Àwòdì bá mi níta, lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọmọ ni mo rò. Tẹ́ ẹ bá tún bẹ̀rẹ̀, èmi ni n ó máa bá yín wo ìta."

Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Lọ́jọ́ Ajé, ó gòkè lọ ṣe ìdánwò. Àwọn ọmọ kíláàsì wa pé lé mi lórí, wọ́n ní kí n dápàárá kan kí ara wọn lè yá. Mo ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ń wọnú ìkùukùu lọ. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó di ọ̀la.