Òógùn Inú Ife

Ṣadé, jẹ́ n rọ́ àlá tí mo lá lóru fún ẹ ká tó sáré. Mo gba ipò kìíní, ni dókítà kan bá gbé ife fún mi pé kí n tọ̀ sí i, kó lè mọ̀ bóyá mò ń gba abẹ́rẹ́ họ́móònù tó ń fún eléré ìje lágbára. Ìtọ̀ ò wá. Mo bá fún ẹ̀wù mi tó rin gbingbin sínú ife. Ife di korobá, ó sì kún.

Ó ní, "Kí nìyí?"

Mo ní, "Òógùn ni, sà."

Oògùn ló gbọ́. Ó bọ́ góòlù kúrò lọ́rùn mi.

"Ẹ tọ́ ọ wò, sà."

Ó tọ́ ọ wò. Ó ní, "Iyọ̀ ni," ó sì dá góòlù mi padà.

Mo jí, ìrọ̀rí mi tutù, inú mi sì ń dùn. Mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. So okùn bàtà ẹ, ká lọ làágùn.