Ohun Tó Há Sábẹ́ Sítíárìn

Sítíárìn já sórí itan Sàlíhù ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Kukuo, tòun tọ̀pá rẹ̀. Yéè! Kó tó pe Ọlọ́hun, lọ́rì ti ya wọ oko bàbà, ó ń wó ebè lọ, ó sì forí sọ igi òrí kan. Kò fara pa. Ó fi okùn so ọ̀pá náà mọ́kè, ó sì wà á padà sí Sabonjida tó ń gbé, ní ìrìn ìgbín.

Ìjáyà yẹn ti di ìbínú kó tó délé. Ìgè ló kọ́kọ́ rí. Àwọn méjèèjì ló jọ ra lọ́rì àlòkù náà lọ́wọ́ Òyìnbó kan. Bí ọ̀kan bá wà á lónìí, èkejì á wà á lọ́la. Ìgè ló wà á lánàá.

"Apànìyàn!" Sàlíhù ké mọ́ ọn lójú gbogbo àdúgbò. "O fẹ́ pa mí, kí o lè dá ọkọ̀ ní!"

Ìgè wò ó bí ẹni tí wọ́n gbá létí. "Wallahi, Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣe é."

Wọ́n jọ ki orí bọ abẹ́ sítíárìn. Irin tó yẹ kó di ọ̀pá náà mú pinpin ti là, àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ sì dẹ̀ débi pé ìka lásán ń yí wọn. Nǹkan kan há sáàárín. Ìgè fà á yọ: tírà ni, awọ pupa tuntun.

Kí rèé? Ẹnu ya Sàlíhù. Kó tó sọ̀rọ̀, Mọ̀ríámọ̀ ìyá rẹ̀ ti sáré dé, gèlè ti jábọ́ lórí rẹ̀. Bó ti rí tírà náà, ó kúnlẹ̀ sínú eruku.

"Alhamdulillahi! Ó ṣiṣẹ́! Áfà ní kí n fi í sí ọrùn ọkọ̀, níbi tí ojú kankan ò ní tó o. Sípánà rẹ ni mo fi tú nọ́ọ̀tì rẹ̀ lálẹ́ àná, bí mo ti máa ń rí ọ tí o ń ṣe é. Ọwọ́ lásán ni mo fi dì í padà. Ọmọ mi, ṣé o rí i? Òun ló yọ ọ́!"

Ó yé Sàlíhù wàyí ẹni tó dẹ nọ́ọ̀tì. Ìyá tó bí i! Òun nìkan sì ni ikú ṣẹ́ kù fún obìnrin yìí. Bó bá mọ ohun tó ṣe, ṣé yóò lè sùn mọ́ láyé? Bí òun bá sì dákẹ́, apànìyàn ni Ìgè ń jẹ́ ní Sabonjida títí ayé. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó ti fọ́.

"Tírà yín ló yọ Ẹ̀gbọ́n nínú ewu, Ìyá," Ìgè ní, ó sọ ọ́ sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. "Èmi ni mi ò yẹ nọ́ọ̀tì wò kí n tó gbé ọkọ̀ sílẹ̀. Ẹ foríjì mí."

"Ìgè, o ò ṣe dáadáa o!" ni ìyá sọ. Àwọn èèyàn ń pòṣé sí i.

Ìgè tún wọ abẹ́ sítíárìn lọ, ó na ọwọ́ síta pé kí wọ́n fún òun ní sípánà. Sàlíhù fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, bí ẹni ń fún àgbà ní nǹkan. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó rántí pé òun ni ẹ̀gbọ́n.