Ọ̀bẹ Tí Díẹ̀díẹ̀ Rọ Fún Bàbá Ìyàwó Rẹ̀

Ọjọ́ tí ọ̀bẹ ọdẹ Bàbá dá sí méjì, inú áńkáṣíìfù funfun ló gbé e sí wá sílé ọkọ ọmọ rẹ̀, bí ẹni gbé ẹyẹ tó ṣẹ́ lápá. Ó tú áńkáṣíìfù náà sórí tábìlì iṣẹ́, ó dúró tì í. Ọ̀bẹ náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó gbé ìyàwó. Ó ti pọ́n ọn, pọ́n ọn, títí ó fi fẹ́lẹ́ bí ewé.

"Ṣé ó ṣeé jó pọ̀?" Ó bi í léèrè níkẹyìn.

Alágbẹ̀dẹ ni ọkọ ọmọ rẹ̀ yìí. Díẹ̀díẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí ohun tó ń kánjú ṣe láyé. Ó lè fi odindi òwúrọ̀ wo irin kan ṣoṣo kó tó gbé òòlù. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, máa ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ pé oṣù mẹ́fà gbáko ni ọkọ òun fi ń kọjá níwájú ilé àwọn kó tó rí "ẹ káàárọ̀" sọ.

Díẹ̀díẹ̀ gbé ègé méjèèjì sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. "Bàbá, ẹ má bínú. Kò sí irin tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀ tí mo lè jó. Ẹ jẹ́ kí n rọ tuntun fún yín."

Bàbá wò ó látòkè délẹ̀. "Ìwọ tó ń rọ ọ̀bẹ ìdáná? Ṣé o ti bó awọ ẹran igbó rí?"

"Rárá, sà."

"Ṣé o ti wọ igbó rí?"

"Mo ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, sà."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wá ibi tó máa jókòó sí. Nígbà tó rí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó jókòó lé e. "Ó dáa. Rọ ọ́. Àmọ́ èmi ni màá sọ bó ṣe máa rí."

Láti ọjọ́ náà ni àpótí yẹn ti di àga Bàbá. Díẹ̀díẹ̀ kọ́kọ́ fi pákó gé àwòṣe ọ̀bẹ mẹ́rin, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n ń wá kí irin tó wọná. Bàbá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Èyí, bọ́tà ni wọ́n fi ń pa sí búrẹ́dì." Ó gbé e jù sílẹ̀. "Èyí gùn jù, àbí ogun ni o fẹ́ rán mi lọ? Èyí..." Ó dákẹ́ lórí ẹ̀kẹta. Ó fi í la afẹ́fẹ́ láti òkè wá sísàlẹ̀, bí ẹni pé ẹran wà níwájú rẹ̀. "Èyí ti ń gbọ́ èdè. Àmọ́ ṣóńṣó rẹ̀ ga jù. Rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí o bá ń la ikùn ẹran, tí ṣóńṣó ọ̀bẹ lu ìfun, o ti ba ẹran jẹ́ nìyẹn. Kí ẹnu rẹ̀ sì yọ ikùn díẹ̀ níbí, torí awọ. Awọ, wọn kì í gé e o, ńṣe ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó kúrò lára ẹran."

Díẹ̀díẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀ sára ògiri pẹ̀lú èédú. Lẹ́yìn náà ó po amọ̀, ó wé e mọ́ ọ̀pá irin kan, ó ní kí Bàbá dì í mú bó ṣe máa ń di ọ̀bẹ mú, kí òun lè mọ bí èèkù ṣe máa rí. Bàbá dì í mú, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó lọ sílé.

Ìgbà tó lọ tán ni Díẹ̀díẹ̀ tó wo amọ̀ náà dáadáa. Àtàǹpàkò ti wọlé ṣinṣin. Ìka ìkejì àti ìka àárín náà ti wọlé. Àmọ́ ibi tí ìka méjì tó kẹ́yìn wà kò ju bí ìgbà tí eṣinṣin bá bà lé nǹkan lọ. Ó yí amọ̀ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó wá rántí pé ó pẹ́ tí Bàbá ti ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife tíì, pé láti ìgbà kan, bọ́tìnì ìsàlẹ̀ ẹ̀wù rẹ̀ kì í sábà dé. Ọwọ́ Bàbá ti ń kú lọ, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Díẹ̀díẹ̀ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ìyàwó rẹ̀ bá gbọ́. Ọdẹ ṣíṣe parí nìyẹn. Ó sì mọ̀ pé láti ọdún mẹ́ta tí ìyá ìyàwó òun ti kú, ọjọ́ tí Bàbá bá ń ti igbó bọ̀ nìkan ni èèyàn lè gbọ́ kó máa súfèé. Ó fi aṣọ bo amọ̀ náà, ó gbé e sórí pẹpẹ, ó sì pa ẹnu mọ́.

Irin sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ kan ló fi rọ ọ̀bẹ náà. Ó fi í sínú iná títí ó fi pọ́n bí oòrùn ìrọ̀lẹ́, ó lù ú, ó dá a padà, ó tún lù ú. Nígbà tó rì í sínú òróró, ńṣe ló rọra hó. Lẹ́yìn náà ó gbé e sínú ofúnnù ilé ìdáná fún wákàtí méjì kí líle rẹ̀ lè dín kù, kó má baà tètè ṣẹ́.

"Ọkọ mi," ni ìyàwó rẹ̀ ké láti ilé ìdáná, "búrẹ́dì yìí ń rùn bí ọkọ̀ akẹ́rù o!"

"Jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ara rẹ á le bí irin," ni Díẹ̀díẹ̀ dá a lóhùn.

Ó ṣe èèkù náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ ìdí rẹ̀ kọdọrọ bí ìwọ̀, kí àwọn ìka tí kò lágbára yẹn lè rí ibi fi kọ́. Ó fá igi rẹ̀ títí ó fi ń dán bíi dígí. Ọ̀bẹ náà wu ojú. Bàbá fi àtàǹpàkò kan ẹnu rẹ̀, ó ní, "Hùn-ún." Ẹni tó bá mọ Bàbá mọ̀ pé hùn-ún yẹn tó oríkì.

Wọ́n lọ dán an wò ní òwúrọ̀ Sátidé kan. Wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀ létí igbó, Bàbá ṣáájú pẹ̀lú ìbọn, Díẹ̀díẹ̀ ń tẹ̀ lé e, gbogbo igi gbígbẹ tó wà nílẹ̀ ló sì ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ gbàù gbàù. "Ṣé o fẹ́ kí n kọ lẹ́tà sí àwọn ẹran náà pé a ti dé ni?" ni Bàbá wí. Síbẹ̀, kí oòrùn tó mú, ó pa àgbọ̀nrín kan.

Nígbà tí ọ̀bẹ wọ ikùn ẹran, tí òórùn jáde, Díẹ̀díẹ̀ lọ sẹ́yìn igi, ó bì. Nígbà tó padà, ojú tì í, àmọ́ Bàbá kò yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Ó fi hàn án bí awọ ṣe ń ṣí lọ bíi síìpù, bí ṣóńṣó ṣe ń lọ lábẹ́ láì kan ìfun. Inú Díẹ̀díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ibi tí inú rẹ̀ ti ń dùn náà ni ọ̀bẹ ti yọ̀. Ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá ti kún ọwọ́ Bàbá, èèkù tó ń dán yẹn sì yọ̀ bí ọṣẹ. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fà lọ sórí ẹnu ọ̀bẹ, ó sì gé e.

Díẹ̀díẹ̀, tí kì í kánjú, bọ́ ẹ̀wù ara rẹ̀ kíá, ó fi di ọwọ́ Bàbá.

"Ife ló fọ́ sí mi lọ́wọ́," ni Bàbá sọ nínú ọkọ̀. "Ṣé o gbọ́? Ohun tí a máa sọ fún ìyàwó rẹ nìyẹn."

Nọ́ọ̀sì kò tilẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ ife. Ó gbé ọwọ́ náà sábẹ́ iná tábìlì, ó fọ̀ ọ́, ó wò ó. "Ife wo ló ń gé èèyàn tí ojú egbò rẹ̀ fi mọ́ báyìí?" Ó rán an ní kókó márùn-ún. Ìgbà tó dì í tán ló ní, "Bàbá, ẹ di ọwọ́ mi mú. Kì í ṣe òsì tí ẹ nà yìí. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún dì í mú, kí ẹ fi ìka tó kẹ́yìn ṣe é."

Bàbá gbìyànjú, ìka náà kò dì. Ó wá yí ojú sí fèrèsé.

Díẹ̀díẹ̀ jáde lọ síbi iṣẹ́, ó gbé amọ̀ wá, ó gbé e sílẹ̀ láàárín wọn. Ìyàwó rẹ̀ wò ó, ó fi ìka tọ ibi méjì tí kò jìn náà.

"Ẹ mọ̀?" Ohùn rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, èyí sì burú ju ariwo lọ. "Ẹ mọ̀, ẹ wá fi ọ̀bẹ lé bàbá mi lọ́wọ́?"

"Mo mọ̀. Mo jẹ̀bi."

"O ti mọ̀?" Ẹnu ya Bàbá náà. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ amọ̀, sà. Mo rò pé bí mi ò bá sọ, ẹ ó máa lọ síbi tí ọkàn yín wà."

Bàbá yíjú kúrò ní fèrèsé. Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ọmọ mi, má bínú sí i. Ìyá rẹ ti lọ, ilé yẹn dákẹ́ jù. Inú igbó náà dákẹ́, àmọ́ ibẹ̀ ti dákẹ́ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Kò sẹ́ni tó kúrò níbẹ̀."

Nọ́ọ̀sì dìde, ó lọ sílé ìdáná. Wọ́n gbọ́ tó ń fọ àwo tí ó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó pẹ́ kó tó padà, nígbà tó sì padà, ojú rẹ̀ pọ́n, ó mú ṣíbí kan lọ́wọ́ láti inú báàgì iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti fi rọ́bà wé ìdí ṣíbí náà títí ó fi ki bí ọrùn ìgò.

"Ohun tí a ń fún àwọn tí ọwọ́ wọn kò dì mọ́ ní ọsibítù nìyí," ó sọ fún ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀yin, ńṣe lẹ ṣe èèkù tẹ́ẹ́rẹ́. Ọwọ́ tí kò lè pa dé, ohun tó ki ni wọ́n ń fún un, kí ó má baà ní láti pa dé rárá. Kó sì rí gbágungbàgun, kó má dán. Ẹ wá ń ṣe é kó lẹ́wà!"

Díẹ̀díẹ̀ gba ṣíbí náà, ó sì ń wò ó bó ṣe máa ń wo irin.

"Àmọ́ mo ní ohun méjì tí mo fẹ́," ni nọ́ọ̀sì ń bá lọ, ó kọjú sí Bàbá. "Dókítà á yẹ ọwọ́ yẹn wò ní Mọ́ńdè. Ẹ ò sì ní dá wọ igbó mọ́ láéláé."

"Mọ́ńdè ti súnmọ́ jù," ni Bàbá wí.

"Ó dáa, Mọ́ńdè àárọ̀ kùtùkùtù."

Bàbá rí i pé òun ti pàdánù. "Ta ni yóò wá máa bá mi lọ?"

Nọ́ọ̀sì fi ẹnu tọ́ka sí ọkọ rẹ̀.

Dókítà ní iṣan kan ló fún pọ̀ ní ìgbúnwọ́ Bàbá. Kò ní padà sí bó ṣe wà, àmọ́ bí Bàbá bá ń ṣe eré ìdárayá tí wọ́n kọ́ ọ, kò ní burú jù báyìí lọ. Díẹ̀díẹ̀ yọ èèkù àkọ́kọ́ kúrò, ó fi irin ọ̀bẹ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó gbẹ́ èèkù tuntun tó rí bí ẹyin, ó fín ìlà sí i lára yíká, kò fá a. Ó yọ irin pẹlẹbẹ kan jáde níwájú kí ọwọ́ má baà lè sáré kọjá, ó sì so awọ kan mọ́ ọn tó ń gba ẹ̀yìn ọwọ́ kọjá, tí ó ń di ọwọ́ mú dípò kí ọwọ́ máa di òun mú.

Nígbà tí ojú egbò jinná tán, àwòṣe pákó ni wọ́n fi kọ́kọ́ dán èèkù náà wò. Nọ́ọ̀sì fi òróró àti ọṣẹ pa ọwọ́ Bàbá, ó di orí pákó mú, ó fà á. Kò bọ́. Ó tún fi gbogbo agbára fà á. Pákó kò bọ́, Bàbá ló bọ́ lórí àpótí, ó ń tẹ̀ lé e lọ káàkiri ibi iṣẹ́, tí ó ń ké pé, "Ṣé o fẹ́ fà mí lọ sí wọ́ọ̀dù ni?" Díẹ̀díẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n padà sígbó. Lọ́jọ́ kìíní, wọn kò rí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n rí abo àgbọ̀nrín kan tó lóyún, Bàbá sì gbé ẹnu ìbọn sílẹ̀, wọ́n jọ wò ó títí ó fi wọ inú ewé. Ọjọ́ kẹta ni akọ kan jáde, Bàbá sì yìnbọn pa á.

Bàbá fi ọwọ́ sínú awọ ara èèkù, ó kúnlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ikùn, ó lọ sí itan, ó yí ẹran padà, ó bó o dé ọrùn. Ọwọ́ rẹ̀ pọ́n dé ìgbúnwọ́, ó ń dán fún ọ̀rá, ọ̀bẹ náà kò kúrò níbi tó wà. Díẹ̀díẹ̀ ń di ẹsẹ̀ ẹran mú, ojú rẹ̀ wà lára èèkù náà.

Ní oríkèé èjìká, ó rẹ Bàbá. Ó tú awọ èèkù lọ́wọ́, ó na ọ̀bẹ sí Díẹ̀díẹ̀. "Ó kàn ọ́."

Díẹ̀díẹ̀ dì í mú, kò bá a mu rárá. Ó tóbi ní ibi tí kò yẹ, ó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni wọ bàtà ẹlòmíì. Ó fi bẹ́ẹ̀ já èjìká náà pẹ̀lú làálàá, Bàbá ń darí rẹ̀: "Má fi agbára ṣe é. Wá àlàfo. Ó wà níbẹ̀ yẹn. Ẹn-ẹ́n." Oríkèé náà là kẹ́rẹ́, Díẹ̀díẹ̀ sì pariwo bí ẹni jẹ góòlù.

"Irin rẹ̀ dáa," ni Bàbá sọ nígbà tó ń fi ewé nu ọ̀bẹ náà. "Ó dáa gan-an ni. Àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ki jù díẹ̀."

"Màá dín in kù, sà."

"Má dín nǹkan kan kù. Mo kàn ń sọ ọ́ ni."

Nọ́ọ̀sì ti ti ibi iṣẹ́ dé nígbà tí wọ́n wọlé, kò tíì bọ́ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀. Kò wo ẹran, kò wo ọ̀bẹ. Ó gba ọwọ́ ọ̀tún bàbá rẹ̀, ó wo àtẹ́lẹwọ́, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo àárín àwọn ìka. Kò sí egbò kankan. Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn: bí akọ náà ṣe jáde, bí afẹ́fẹ́ ṣe yí, bí ọkọ rẹ̀ ṣe kígbe tí gbogbo ẹyẹ igbó fi fò. Nọ́ọ̀sì kò fi ọwọ́ náà sílẹ̀. Bàbá wá ń fi ọwọ́ òsì ṣàpèjúwe ìyókù.